Ọjọ́ Tí Mo Lọ Ṣe Ìdánwò Ọlọ́pàá ní Òṣogbo

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kó wá ibi fìdí lé. Ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó gbé e lé ẹsẹ̀ kó máa ṣe é lọ, etí nìkan ni mo fẹ́ yá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn títí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń gbọ́ lórí ìrìn.

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé òórùn èéfín lọ́rì tó bá ti kàn mí nímú, màá ti máa wá ibi tí màá gbà yà. Nígbà náà, a kò tíì yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, irùngbọ̀n mi kò sì tíì mọ ibi tó fẹ́ hù sí. Mo ti lo ọdún mélòó kan ní Àbíjàn lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àbíjàn, mò ń bá a ta aṣọ nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò á mọ̀ pé kò sí ohun àjèjì nínú ìyẹn. Ní àdúgbò wa, bí ọmọ bá ti ka ìwé díẹ̀, tó sì mọ ìṣirò, ojú ọ̀nà Àbíjàn ni wọ́n ń kọjú rẹ̀ sí. Bàbá mi ti kú, àbúrò rẹ̀ kò sì bí ọkùnrin. Èmi ni gbogbo ilé fojú sí pé ìsọ̀ náà máa bọ́ sí lọ́wọ́.

Iṣẹ́ aṣọ kò le. Ọ̀nà ló le. Láti Èjìgbò dé Àbíjàn, ìlú tá à ń là kọjá pọ̀, ibi tí wọ́n ti fi igi dábùú ọ̀nà sì pọ̀ ju ìlú lọ. Bí lọ́rì bá ti dúró níbi igi báyẹn, oníbọn kan á fi kóńdó gbá ara ọkọ̀, á kígbe ní èdè Faransé pé, “Àsí! Kaati!” Ohun tó ń wí ni pé ká jókòó sílẹ̀, ká mú káàdì ìgbélùú wa jáde. Gbogbo wa, àtàgbà àtọmọdé, a ó rọ́ wálẹ̀, a ó bọ́ bàtà wa, a ó fi í há abíyá, a ó jókòó sínú iyanrìn, a ó na káàdì sókè. Bàtà ni wọ́n ní ká máa bọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà sá. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó jókòó, kóńdó á kọ́ ọ. Àwọn tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà kì í dúró kí oníbọn kígbe tán. Ara wọn ti mọ̀ ọ́n bí ara ṣe mọ rúkúù nínú ìrun. Ara tèmi náà sì ti mọ̀ ọ́n.

Ní ìrìn àjò tí mo fi padà wálé kẹ́yìn, Alhaji kan wà nínú ọkọ̀ wa, bàbá arúgbó tó jẹ́ pé ní Èjìgbò, bó bá ń ti mọ́sáláṣí bọ̀, àwọn ọkùnrin tó ti lọ́mọ lọ́mọ ọmọ á dọ̀bálẹ̀ kí i. Orúnkún rẹ̀ kò tètè ká mọ́. Oníbọn kan tí kò tó ọmọ tó bí gbẹ̀yìn fi kóńdó gbá orúnkún náà pé kó tètè ká. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo gbọ́ ìró eegun. Mi ò wo ojú Alhaji, Alhaji náà kò wo ojú mi, bẹ́ẹ̀ la ṣe wọkọ̀ padà. Nígbà tí mo délé fún ọdún Iléyá, mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé ẹsẹ̀ mi kò ní gun lọ́rì Àbíjàn mọ́ láyé.

Báwo ni màá ṣe sọ fún Bàbá Àbíjàn pé ẹ̀rù ló ń bà mí? Ọkùnrin kì í sọ bẹ́ẹ̀ ní agboolé wa. Ibi tí mo ti ń rò ó kiri ni mo ti kọjá níwájú àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kan, òkèèrè ni mo gbà kọjá gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo rí ọlọ́pàá kan lábẹ́ igi, ó wọ aṣọ dúdú, ó ń jẹ iṣu sísun. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí i. Mo dúró wò ó. Mo sọ fún ara mi pé ọkùnrin yìí, kò sí ẹni tó máa ní kó jókòó sínú iyanrìn. Èrò ọ̀dọ́ kì í pẹ́ gbó: bí ẹkùn bá ń lé ọ, lọ wá awọ ẹkùn wọ̀. Kò pẹ́ sí i ni mo gbọ́ pé wọ́n ń gba ènìyàn sínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, pé ìdánwò máa wà ní Òṣogbo. Mo fi orúkọ sílẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin, tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbọ́. “Bọ̀ọ̀dá,” ó ní, “ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá tẹ́ ẹ bá ti rí ọlọ́pàá, ẹ̀yin lẹ fẹ́ máa mú olè? Tí olè bá wá wọ aṣọ dúdú ńkọ́?”

Mo fi ọ̀rọ̀ awọ ẹkùn yẹn dá a lóhùn. Ìyá mi ń yan gàárì lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. “Ẹni tó bá wọ awọ ẹkùn,” ó ní, “àwọn ọmọ rẹ̀ náà á máa sá fún un.”

Bàbá Àbíjàn, tí òun náà wálé fún ọdún, kò bá mi jà. Ó kàn na ìka sí mi. “Lẹ́yìn Iléyá, ọkọ̀ wa ń lọ. Bí wọ́n bá gbà ọ́, ó dáa, lọ ṣe ọlọ́pàá ẹ. Bí wọn ò bá gbà ọ́, o ń bá mi padà, mi ò sì fẹ́ gbọ́ àwáwí kankan. Ìsọ̀ yẹn ń retí olówó ẹ̀.”

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe rí. Bí mo bá yege, ọ̀nà yẹn ti di àná. Bí mo bá kùnà, inú lọ́rì ni.

Pápá ilé-ìwé kan ní Òṣogbo ni wọ́n kó wa jọ sí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin pọ̀ bí eéṣú. Lórí ìlà ni mo ti pàdé ọkùnrin kan láti Isundunrin, nítòsí Èjìgbò wa, ó jù mí lọ díẹ̀, ó gbẹ, ojú rẹ̀ sì tutù. Ó wo bàtà tí mo wọ̀, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Sáfà?” bí a ṣe máa ń kí ara wa lọ́hùn-ún. Mo ní, “Sáfà, bọ̀ọ̀dá.” Òun náà ti jẹ Àbíjàn rí. Ó ra ẹ̀pà, a jọ ń jẹ ẹ́, àyà mi sì rọ̀ díẹ̀.

Nínú kíláàsì la ti kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìwé. Wọ́n ní ká kọ àròkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ká sọ ìdí tá a fi fẹ́ di ọlọ́pàá. Mo wo ìwé náà títí. Ìdí tó wà lọ́kàn mi kò ṣe é kọ: ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí, mo fẹ́ kó yé bà mí. Mo kọ ọ́ pé mo fẹ́ sin ilẹ̀ bàbá mi. Mo gbàgbọ́ pé gbogbo ẹni tó wà ní kíláàsì yẹn ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ bàbá wa kò ní ìránṣẹ́ tó pọ̀ tó ti ọjọ́ yẹn rí. Ìṣirò kò dà mí láàmú, ẹni tó ti ń ṣírò ọ̀pá aṣọ fún àwọn obìnrin tó mọ ọjà á ná. Àtẹ́lẹwọ́ mi ló ń dà mí láàmú, òógùn rẹ̀ ń pa yíǹkì rẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọn gíga wa, wọ́n wọn àyà wa. Téèpù tí wọ́n fi yí mi láyà, irú èyí tí mo fi ń wọn aṣọ ní ìsọ̀ ni. Ẹni tó ń wọ̀n mí ní kí n fa èémí sínú. Mo fà á, mi ò sì rántí láti dá a padà títí ó fi fọwọ́ gbá mi léjìká. “Mí, ọ̀gbẹ́ni. A ò tíì gbà ọ́, má kú sí wa lọ́rùn.”

Pápá ló kù. Wọ́n ní ká máa sáré yí i ká. Ọ̀gá kan dúró lẹ́bàá ọkọ̀ wọn, irun funfun ti gba ẹ̀bá etí rẹ̀, ohùn Ìjẹ̀ṣà ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó jẹ́ ká sáré títí a fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lẹ́yìn náà, láìsọ fún ẹnì kankan, ó fi kóńdó gbá ara ọkọ̀, ó kígbe, “Họ́ọ̀tì!”

Ohun tí àwọn ìyókù ṣe ni pé wọ́n dúró. Ohun tí èmi ṣe, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo kàn bá ara mi nílẹ̀, ìdí mi nínú erùpẹ̀, bàtà mi lábíyá, mo na káàdì ìdánwò mi sókè. Mo yíjú, mo rí ará Isundunrin. Òun náà ti jókòó, bàtà òun náà ti wà lábíyá, ọwọ́ òun náà wà lókè. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá náà rìn wá, kò kánjú. “Ta ló ní kẹ́ ẹ jókòó?”

Ará Isundunrin ló dáhùn. “Ẹ má bínú, sà. Ọ̀nà Àbíjàn ni.”

“Ọ̀nà Àbíjàn. Ẹ̀yin ará Èjìgbò nìyẹn.” Ó yí wa po bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran. “Bàtà ńkọ́? Ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?”

“Kí wọ́n má baà rò pé a fẹ́ sá ni, sà.”

Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ mi. “Ìwọ. Ọlọ́pàá lo wá ṣe?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ẹ̀rù ọlọ́pàá sì ń bà ọ́ tó báyìí. Lọ́jọ́ tó o bá wọṣọ tán, ṣé o ó máa sá fún dígí ni?”

Ẹ̀rín tún bẹ́ sílẹ̀. Ojú mi ṣú. Mo gbọ́ òórùn èéfín lọ́rì nínú imú mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́rì kankan kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bó bá lé mi kúrò lórí pápá yẹn, Bàbá Àbíjàn ń dúró dè mí nílé.

“Dìde,” ọ̀gá náà ní. “Wọ bàtà ẹ. Gba èyí.” Ó fi kóńdó ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. “Gbogbo àwọn tó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín yìí, mú wọn jókòó. Bí o ò bá lè mú wọn jókòó, máa lọ sílé.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.” Ohùn mi tín-ín-rín bíi ti òròmọdìẹ.

“Ṣé aṣọ lo fẹ́ tà fún wọn ni?” ni ọ̀gá náà wí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tó tẹ̀ lé e, mi ò mọ ibi tó ti jáde títí di òní. Mo fi kóńdó gbá ara ọkọ̀, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan kígbe, “Àsí! Kaati!” Ohùn náà ki, ó sì gbẹ, bí ìgbà tí igi ńlá bá dá. Èmi ni. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè náà àfi ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò jókòó. Wọ́n wó lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn. Mo ń rìn láàárín wọn, mò ń fi orí kóńdó kàn wọ́n léjìká. Mo ní kí wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n bọ́ bàtà. Mo ní kí wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n káwọ́ lérí. Ẹ̀rù tó ti ń bá mi jí, tó ti ń bá mi sùn láti ọjọ́ orúnkún Alhaji, mo wá a nínú ara mi, mi ò rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó dùn. Ó dùn bí omi tútù lásìkò ìṣínu.

Bẹ́ẹ̀ ni mo rìn títí mo fi dé iwájú ará Isundunrin. Ó ti káwọ́ lérí ṣáájú gbogbo wọn, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ẹni tó ń ka Yáàsín. Ó mọ̀ pé èmi ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ jẹ ẹ̀pà tán ni. Síbẹ̀, bí mo ṣe dúró lé e lórí, mo rí i pé ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù, erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Ẹni tó jù mí lọ, ẹni tí mo ń pè ní bọ̀ọ̀dá. Mo gbójú sókè láti wo ohun tó ń dẹ́rù bà á, mo sì rí ọwọ́ mi lókè, kóńdó wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé e sókè.

Ọ̀gá náà pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi. “Ẹ wò ó,” ó ní. “Ó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó máa jí i ló ń wá.”

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù wá bà mí. Bí a bá ní ká fi gbogbo ẹ̀rù tó ti bà mí lójú ọ̀nà Àbíjàn wé ti ọjọ́ yẹn, eré ọmọdé ni. Tàtijọ́, mo mọ ibi tó dúró sí, mo mọ irú aṣọ tó wọ̀, mo lè gba ẹ̀yìnkùlé yà fún un. Ṣùgbọ́n ibo ni ènìyàn ń gbà yà fún ọwọ́ ara rẹ̀? Mo dá kóńdó padà, ó já bọ́ láàárín èmi àti ọ̀gá.

Inú bọ́ọ̀sì kan náà lèmi àti ará Isundunrin wọ̀ padà. Ó ti fọ ṣòkòtò rẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó ń gbẹ mọ́ ọn lára. Mo yíjú sí i.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi.”

“Kí lo ṣe? Wọ́n ní kó o ṣe é, o ṣe é.” Ó ń wo oko ẹ̀gẹ́ tó ń sá kọjá lójú fèrèsé. “Ṣùgbọ́n ibo lo ti kọ́ ọ?”

“Ibi tẹ́ ẹ ti kọ́ ìjókòó yẹn náà ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dé inú. “Òótọ́ ni. Nínú gbogbo ọjà tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún, ìwọ gba ohùn wọn wálé, èmi gba orúnkún.”

Mo bi í bóyá ó ṣì máa lọ bí wọ́n bá mú un. Ó ní, “Màá lọ. Ó yẹ kí ẹni tó ti jókòó sínú iyanrìn rí wà nídìí igi ojú ọ̀nà yẹn. Kí wọ́n bá ẹnì kan pàdé níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó máa ní, ẹ jókòó yín sínú ọkọ̀. Ìwọ ńkọ́?”

Mo ní ká jẹ́ kí orúkọ jáde ná.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi lẹ orúkọ àwọn tó yege mọ́ ara ògiri ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Orúkọ mi wà lókè téńté. Ti ará Isundunrin wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí àyè kọ ọ́ sí. Àbúrò mi sáré wálé láti kéde rẹ̀, ó ń yan bí ọlọ́pàá káàkiri agbo ilé, àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire. Mo wọlé lọ sídìí agbada gàárì, mo jókòó ti ìyá mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí orúnkún Alhaji títí dé orí ṣòkòtò ará Isundunrin. Kò dá ọwọ́ gàárì dúró.

“Ó dùn mọ́ ọ?” ó bi mí.

“Ó dùn mọ́ mi, ìyá mi.”

“Ẹ̀rù wá ń bà ọ́ báyìí?”

“Ó ń bà mí.”

“Èwo ló pọ̀ jù, ti ọ̀nà ni àbí ti ara ẹ?”

“Ti ara mi.”

Ó gbọn eérú kúrò lára igi ìdáná, ó tì í sábẹ́ agbada. “Jẹ́ kó máa bà ọ́,” ó ní.

Lẹ́yìn àdúrà Àsárù ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Àbíjàn pè wá jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ti ń di ẹrù ọjà. “Ọlọ́pàá,” ó pè mí, ó ń yọ̀ fún mi díẹ̀, inú ń bí i díẹ̀. “Ìgbà wo lò ń lọ wọṣọ?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò dìde. Mo ní, “Bàbá, mi ò wọ̀ ọ́ mọ́.”

“Wàá bá mi padà nìyẹn.”

“Mi ò lè gba ọ̀nà yẹn, Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí.” Mo ti sọ ọ́ nìyẹn. Ọkùnrin àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́ lágboolé wa, tí mo mọ̀, èmi ni.

Bàbá Àbíjàn wò mí títí. “Ọkùnrin tó sá fún ẹkùn, tó tún sá fún awọ ẹkùn, kí ló wá kù fún un?”

Ìyá mi ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. “Oko kù.”

Àbúrò mi bá ní, “Bàbá, èmi á bá yín lọ. Ìdí tèmi nípọn, iyanrìn ò ní ràn án.” Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nìyẹn, Bàbá Àbíjàn náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ojú aṣọ nu ojú. Àwọn kan ní Èjìgbò pè mí ní ojo fún ọdún pípẹ́. Mi ò bá wọn jiyàn. Àgbà ní bí ojo bá kú, ilé ara rẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí.

Gbogbo rẹ̀ ti parí báyìí, ẹni tó jogún ti jogún. Bàbá Àbíjàn kú sórí ibùsùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, àbúrò mi ló ni ìsọ̀ aṣọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sọ Faransé ju Yorùbá lọ. Bí wọ́n bá wálé fún Iléyá, èmi ni mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ará Isundunrin wọ aṣọ dúdú títí ó fi fẹ̀yìntì. Àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé ọlọ́pàá kan wà lójú ọ̀nà Ìwó tó máa ń tẹ̀ ba sí fèrèsé kí àwọn èrò kú ìrìn. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi jogún ilẹ̀ ìyá mi lọ́nà Másífà àti agbada gàárì rẹ̀, mo sì ti pín in fún àwọn ọmọ mi kí n má baà fi ìjà sílẹ̀ fún wọn.

Nǹkan kan ló kù tí mi ò pín. Ohùn ọjọ́ pápá yẹn ṣì wà nínú mi. Ara ti gbó, òun kò gbó. Mo mọ̀ ọ́n, ó máa ń gun ọ̀fun mi bí ọmọ bá ṣe àìgbọràn tàbí bí aládùúgbò bá rìn wọ ààlà mi. Mo ti tọ́ ọmọ, mo ti tọ́ ọmọ ọmọ ní ohùn jẹ́jẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń bínú. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kó bá mi wọlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má gbọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má sì jogún rẹ̀.